Kẹ̀kẹ́ Ológeere Ni Adájọ́ Títì



Ọ̀rọ̀ tí mo bá wá lónìí kò ga, kò sì jìn. Ọ̀rọ̀ ẹrẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ gọ́tà ni, ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ni. Kẹ̀kẹ́ tí mò ń wí kì í ṣe kẹ̀kẹ́ Máruwá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni, èyí tí àwọn bàbá wa fi ń kó kòkó dé ìsọ̀, tí tíṣà fi ń lọ sí ilé-ìwé lábúlé, tí ọkọ ìyàwó fi ń ṣe fáàrí lójú àna. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìjọba ń ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́, kó má wulẹ̀ gbọ́ rédíò. Kó gun kẹ̀kẹ́ ológeere gba àdúgbò rẹ̀ kọjá ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí òjò rọ̀ mọ́jú. Ohun tí kẹ̀kẹ́ bá sọ fún un, òun ni kó gbà gbọ́.

Ẹ lè bi mí pé, kí ló dé tó fi jẹ́ kẹ̀kẹ́? Ìdí rẹ̀ ni pé kẹ̀kẹ́ kì í purọ́. Ẹni tó wà nínú jíìpù, ó ti gbé gíláàsì sókè, atẹ́gùn tútù ń fẹ́ sí i lára. Omi tó mu wá dé orókún, táyà mọ́tò rẹ̀ nìkan ló mọ̀ ọ́n. Bó bá kọjá tán, ẹrẹ̀ tó ta sókè, ara ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn ló máa bà lé. Ṣùgbọ́n ẹni tó gun kẹ̀kẹ́, kò sí kòtò tí kò mọ̀. Títì tó bá gba kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn òjò, ó máa gba arúgbó, ó máa gba aboyún, ó máa gba ọmọ ilé-ìwé àti ọmọlańkẹ́. Títì tí kò bá gba kẹ̀kẹ́, ti olówó nìkan ni, bí wọ́n tilẹ̀ fi owó gbogbo wa ṣe é.

Ojú mi ni ọ̀rọ̀ yìí ṣe. Ní òwúrọ̀ Sátidé kan lásìkò òjò, àwa ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ kó ara wa jọ ní Kámpọ́ọ̀sì láti gun kẹ̀kẹ́ yíká Ìsàlẹ̀ Èkó. A pé mẹ́rìnlélógún. Ká sọ tòótọ́, kì í ṣe fàájì nìkan ló gbé wa dé ìdí kẹ̀kẹ́. Bọ́ọ̀sì la máa ń háyà tẹ́lẹ̀ fún ìpolongo. Ṣùgbọ́n epo bẹntiróòlù tí kò tó 200 náírà ní lítà kan kó tó di ìparí May 2023, nígbà tó fi máa di October 2024, ó ti lé ní 900 náírà. Owó bọ́ọ̀sì fún ọjọ́ kan ṣoṣo ti di owó oúnjẹ ilé. Ni àwọn ọmọ bá ní ká gun kẹ̀kẹ́, ká máa kí àwọn èèyàn wa lójú ọ̀nà, ká sì máa fún wọn ní ìwé ìròyìn yìí lọ́wọ́.

Òjò ti rọ̀ láti òru. A gba Òkè Pópó, kò tíì burú. Ìgbà tí a yọ sí Adéníji Adélé, a kò rí títì mọ́, omi la rí. Omi dúdú ni, ọ̀rá piọ́wọtà àti ike ń léfòó lójú rẹ̀. Àwọn tó wà níwájú sọ̀ kalẹ̀, wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ lé èjìká. Kẹ̀kẹ́ tó yẹ kó gbé èèyàn, èèyàn ló wá ń gbé e! Àwọn ará àdúgbò bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Ẹlẹ́gbẹ́ kẹ̀kẹ́, ẹ bá ti wa ọkọ̀ ojú omi wá!” Àwa náà rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín náà kò pẹ́. Ọ̀kan nínú wa, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀, rí ẹ̀gbẹ́ kan tó dà bíi pé ó tẹ́jú, ó ya síbẹ̀. Gọ́tà ni. Kò ní ìdérí, omi sì ti bò ó mọ́lẹ̀. Táyà iwájú wọlé, òun náà tẹ̀ lé e. Ká tó fà á jáde, irin tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà ti la ojúgun rẹ̀. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀kọ ló tú ìborùn rẹ̀ tó fi di ojú ọgbẹ́ náà. Ó ní, “Ẹ má bínú, ẹ̀yin ọmọ mi. Tiyín kọ́ ni àkọ́kọ́. Ọmọ ilé-ìwé kan jìn sí i lọ́sẹ̀ tó kọjá.” Kẹ̀kẹ́ yẹn ni ọmọ télọ̀ yìí fi ń gbé aṣọ lọ fún àwọn oníbàárà ọ̀gá rẹ̀. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò fi lè tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀. A kò dé Ẹnu Ọ̀wà tí a ní ká dé lọ́jọ́ náà. Ẹrẹ̀ ti kún inú ṣéènì, bíríkì kò mú mọ́, a ń ti kẹ̀kẹ́ padà sílé bí ẹni ń da ẹran.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kì í ṣe nítorí pé ìgbádùn wa bàjẹ́ ni mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Àwa lè dá ìrìn wa sí ọjọ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n ìyá ẹlẹ́kọ yẹn kò ní ọjọ́ mìíràn. Òjò ní, ẹ̀ẹ̀rùn ní, ọ̀nà yẹn ló máa gbà lọ sọ́jà. Alábàárù tó ń ru ẹrù ní Ìdúmọ̀tà, ọlọ́mọlańkẹ́ tó ń ti àpò ìrẹsì lọ sí Jánkárà, wọn kò lè ní káwọn dúró dìgbà tí omi bá fà. Ẹni tí kò bá jáde lónìí kò ní jẹun lálẹ́. Àwọn ọmọ kan tiẹ̀ ti to pákó sórí omi lọ́jọ́ náà, wọ́n ń gba owó kí èèyàn tó kọjá. Òjò rọ̀, tálákà tún san owó ibodè nínú àdúgbò ara rẹ̀!

Lọ́jọ́ Ẹ̀yọ̀, gbogbo ọmọ Èkó ló mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ wà lára ohun tí kò gbọdọ̀ kọjá níwájú Adámú Òrìṣà, bí bàtà àti irun ṣùkú kò ṣe gbọdọ̀ kọjá. Èèwọ̀ àwọn bàbá wa nìyẹn, a gbà, a sì ń bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ta ló wá ṣòfin pé ọjọ́ òjò náà gbọ́dọ̀ di ọjọ́ èèwọ̀ fún kẹ̀kẹ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó?

Bí ẹ bá bi àwọn aláṣẹ, èsì méjì ló máa ń wà lẹ́nu wọn. Ẹ jẹ́ ká yẹ méjèèjì wò.

Èsì kìíní: “Èkó, inú omi ló wà. Kò sí ohun tí a lè ṣe sí i.” Lóòótọ́ ni omi yí Èkó ká. Ilẹ̀ Ìsàlẹ̀ Èkó rẹlẹ̀, inú ọ̀sà ni gọ́tà rẹ̀ ń da omi sí. Bí òkun bá kún, tí ọ̀sà náà sì kún, omi inú gọ́tà kò ní ríbi lọ, àfi kó padà sórí títì. Ṣùgbọ́n ṣé òní la ti mọ̀ bẹ́ẹ̀? William MacGregor, dókítà oníṣègùn tó jẹ́ gómìnà àwọn òyìnbó ní Èkó láti 1899 sí 1904, mọ̀ ọ́n. Ó rí i pé irà ni ẹ̀fọn àti ibà ń bá gbé, ó sì gbájú mọ́ bí omi irà ṣe máa fà. Kànáà tó wà láàárín Èkó àti Ìkòyí, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é. Láti ìgbà náà, dípò kí ojú omi máa pọ̀ sí i, ńṣe ni wọ́n ń fi yanrìn dí i. Ìdúmàgbò pàápàá ní ọ̀sà tirẹ̀ rí. Ilé ló wà lórí rẹ̀ lónìí. Omi kì í gbàgbé ọ̀nà ilé rẹ̀. Bí ẹ bá gba ilé omi lọ́wọ́ omi, ẹ gbọ́dọ̀ fún un ní ọ̀nà tó máa gbà jáde. Gọ́tà ni ọ̀nà náà.

Àwọn àgbà yín mọ ìtàn 1955. Ìjọba ìgbà náà ní ilé àárín Èkó ti há jù, ìdọ̀tí ti pọ̀ jù, wọ́n fẹ́ tún un ṣe. Wọ́n wó ilé onílé, wọ́n kó ọ̀pọ̀ ẹbí lọ sí Súrùlérè, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì padà sórí ilẹ̀ bàbá wọn mọ́. Ṣé ẹ rí i pé ìjọba kì í rẹ̀ bó bá fẹ́ ṣe nǹkan? Agbára tó lè kó odidi àdúgbò kúrò, kò yẹ kó ṣàárẹ̀ níwájú ẹrẹ̀ inú gọ́tà.

Bó bá sì jẹ́ pé omi ni ẹjọ́, ẹ jẹ́ ká wo ilẹ̀ Họ́láńdì lọ́hùn-ún. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ilẹ̀ wọn ló rẹlẹ̀ ju òkun lọ. Síbẹ̀, kẹ̀kẹ́ ológeere pọ̀ níbẹ̀ ju èèyàn lọ! Ọmọdé ń gùn ún lọ sílé-ìwé, mínísítà ń gùn ún lọ síbi iṣẹ́. Kí ni àṣírí wọn? Wọ́n ní ìgbìmọ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju omi lọ: odò, kànáà, gọ́tà àti ògiri tó ń dá òkun dúró. Irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ti wà lọ́dọ̀ wọn láti nǹkan bí 800 ọdún sẹ́yìn. Ìbò ni àwọn ará ìlú sì fi ń yan àwọn tó ń jókòó síbẹ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o: wọ́n ń dìbò lórí ọ̀rọ̀ omi! Ẹni tí kò bá jẹ́ kí omi fà, wọ́n á dìbò lé e kúrò. Kì í ṣe pé Ọlọ́run fẹ́ràn wọn jù wá lọ.

Èsì kejì: “Ẹ̀yin ará ìlú lẹ̀ ń da ìdọ̀tí sí gọ́tà.” Èyí náà, òtítọ́ wà níbẹ̀, n kò ní bo ẹnikẹ́ni. Ẹni tó mu piọ́wọtà tán tó ju ọ̀rá rẹ̀ sílẹ̀, òun náà wà lára àwọn tó jìn ọmọ télọ̀ yẹn sí kòtò. Ẹ jẹ́ ká jáwọ́. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi bi wọ́n pé, níbo ni kí ìyá ọlọ́jà da ìdọ̀tí rẹ̀ sí, bí ọkọ̀ tó ń kó ìdọ̀tí kò bá wá? Láti ìgbà ìjọba ológun ní 1984 sí 1985 ni wọ́n ti ń kó wa jáde ní òwúrọ̀ Sátidé láti gbálẹ̀, títí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fi dá a dúró ní 2016. A gbálẹ̀, a kó gọ́tà. Ẹ̀yin náà ẹ rántí ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Wọ́n á kó ẹrẹ̀ gọ́tà jọ sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà, wọn kò ní wá gbé e. Òjò kan péré, gbogbo rẹ̀ á tún padà sínú gọ́tà. Ẹni tó ń gbá ilé tí kò da ìdọ̀tí nù, kí ló ṣe?

Kì í ṣe ẹrẹ̀ nìkan ló ń bá omi yìí rìn. Omi gọ́tà tó bá wọ kànga, tó bá wọ ibi tí páìpù ti bẹ́, àrùn ló ń gbé wọlé. Ní June 2024, àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Èkó, ó sì pa èèyàn. Erékùṣù Èkó wà lára ibi tó ti mú jù. Ní July 2021, àgbàrá bo títì ní erékùṣù yìí tó bẹ́ẹ̀ tí mọ́tò ń léfòó bí ọkọ̀ ojú omi. Ní July 2017 ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní Victoria Island àti Lẹ́kì. Ní July 2011, ó pa èèyàn ní Èkó. July, July, July! Ohun tó ń bọ̀ lóṣù kan náà lọ́dọọdún, ṣé a lè pè é ní àjálù òjijì?

Ó tún ku èyí. Láti 1 June 2022 ni ìjọba ìpínlẹ̀ ti fòfin de ọ̀kadà pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, erékùṣù Èkó sì wà níbẹ̀. Wọ́n ní ó ń pa èèyàn. Ó dára. Kó tó dìgbà náà, ní 2018, ìjọba kan náà ti gbé ètò jáde lórí ìrìnnà tí kò lo ẹ́ńjìnnì, pé àwọn á mú kí ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ rọrùn fún ará ìlú. Èyí náà dára lórí ìwé. Wọ́n gba ọ̀kadà, epo wọ́n, owó mọ́tò gòkè. Ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ ló ṣẹ́kù fún mẹ̀kúnnù. Bí omi bá tún wá gba ọ̀nà lọ́wọ́ ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́, kí ni kí mẹ̀kúnnù gùn? Ṣé kó fò ni?

Ní báyìí, ibi tí mo ń bọ̀ rèé, ẹ fi etí sílẹ̀. Iṣẹ́ ta ni gọ́tà? Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi Àbújá dẹ́rù bà yín. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ nínú àtẹ kẹrin rẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti fún káńsù láṣẹ láti máa gba owó láísẹ́ńsì lórí kẹ̀kẹ́ ológeere, ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, bárò àti ọmọlańkẹ́. Nínú àtẹ kan náà, nísàlẹ̀ díẹ̀, ni wọ́n ti ní káńsù ni yóò máa ṣe títì àdúgbò, iná títì àti gọ́tà, tí yóò sì máa tọ́jú wọn. Ẹ wò ó: ìwé tó ní kí káńsù gba owó lọ́wọ́ ọlọ́mọlańkẹ́ ló ní kí káńsù tún ọ̀nà ọlọ́mọlańkẹ́ ṣe. Wọn kò lè ka ìlà òkè kí wọ́n fo ti ìsàlẹ̀.

Bí wọ́n bá ní owó kò sí, ẹ rán wọn létí pé ní 11 July 2024, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé owó ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, kí gómìnà kankan má fọwọ́ bò ó. Ó kù kí àwa ará ìlú máa bèèrè: èló ló wọlé lóṣù yìí, kí lẹ fi ṣe?

Ní 12 July 2025, wọ́n dìbò káńsù ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ipò alága 57 ló wà nílẹ̀. Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló kó gbogbo rẹ̀. Mo mọ ohun tí ọ̀pọ̀ yín ṣe lọ́jọ́ náà. Ẹ jókòó sílé, ẹ ní kò sí ohun tó máa yí padà. Àwọn kan ń gbá bọ́ọ̀lù lójú títì tí kò sí mọ́tò. Ẹ̀yin ará mi, ẹni tó bá jókòó sílé lọ́jọ́ ìbò káńsù, kò gbọdọ̀ yà á lẹ́nu bí omi gọ́tà bá wá bá a nílé náà. Gbogbo ariwo wa, ìbò gómìnà àti ààrẹ la ń pa á lé lórí. Ṣùgbọ́n ààrẹ kọ́ ló ń kó gọ́tà Ìdúmàgbò.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí ní Ẹ̀pẹ́, ní Badagry, ní Ìkòròdú, títí dé ìlú àti abúlé gbogbo ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ Èkó ni. Ìjọba ìbílẹ̀ 774 tó wà ní Nàìjíríà, òfin kan náà ló de gbogbo wọn. Ẹrẹ̀ tó di kẹ̀kẹ́ wa lọ́wọ́ ní Adéníji Adélé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wà lọ́nà oko yín, tó ń mú kí gbáguda jẹrà kó tó dé ọjà.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá wá tọrọ ìbò lọ́wọ́ yín, yálà ẹgbẹ́ wọn ni tàbí ẹgbẹ́ tiwa, ẹ fi ìbéèrè mẹ́ta pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà.

Èkíní: Oṣù wo lẹ máa kó gọ́tà? Bí wọ́n bá ní June, ẹ lé wọn. March ló yẹ, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì kó ẹrẹ̀ rẹ̀ lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Èkejì: Ìgbà wo lẹ máa fi ìdérí sórí gọ́tà tó wà lẹ́bàá ilé-ìwé àti ọjà? Gọ́tà tí kò ní ìdérí, ibojì ni lábẹ́ omi.

Ẹ̀kẹta: Ṣé ẹ máa bá wa gun kẹ̀kẹ́, tàbí kí ẹ bá wa fẹsẹ̀ rìn, yíká wọ́ọ̀dù yìí ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí òjò bá rọ̀, láì sí jíìpù, láì sí ọlọ́pàá? Ẹni tó bá sá fún ìyẹn, ẹ má dìbò fún un.

Bí ẹ bá sì fún àwa náà láṣẹ, tí ọdún kan lọ, tí kẹ̀kẹ́ kò lè kọjá lẹ́yìn òjò, ẹ fi ìwé yìí hàn wá, kí ẹ sì fi ìbò lé wa lọ. Ohun tí à ń tọrọ fún ara wa kò ju ohun tí à ń bi àwọn yòókù lọ.

Ẹ tọ́jú káàdì ìdìbò yín. Ẹni tí kò bá tíì gbà á, kó lọ gbà á. Kọ́ńgò ìrẹsì kan kò lè kó gọ́tà, ẹgbẹ̀rún náírà díẹ̀ kò sì lè wo ojúgun ọmọ yín sàn. Ọjọ́ ìbò káńsù, ẹ jáde bí ẹ ṣe ń jáde fún ti gómìnà. Ẹ dìbò fún ẹni tó mọ ọ̀nà ilé yín, tó sì máa jẹ́ kí omi náà mọ ọ̀nà tirẹ̀.